Ọjọ́ Tí Olùkọ́ Wa Ṣí Kọ̀ǹpútà

Òórùn òjé tó ń yọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ó máa ń dà bí ìgbà tí ènìyàn bá da oje igi sínú iná, á dùn díẹ̀, á tani nímú díẹ̀, á sì dúró sínú aṣọ ilé ìwé wa títí a ó fi délé. Yàrá sáyẹ́ǹsì wa l'Ọ̀kà wà ní ìsàlẹ̀ òkè, àpáta ńlá kan sì dúró lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ á ti mọ́ dáadáa níta kí inú ibẹ̀ tó mọ́lẹ̀. Ìwọ náà mọ bí Ọ̀kà ṣe máa ń tutù. Lásìkò òjò, ìkùukùu á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, á gba ojú fèrèsé wọlé, á jókòó tì wá bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Àwa ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù á ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù á ki tiwọn bọ abíyá, a ó sì máa retí kí olùkọ́ físíìsì wa fẹ́ iná èédú rẹ̀ kó ràn.

Iná ìjọba kì í sábà sí lágbègbè wa nígbà náà, nítorí náà irin ṣóńṣó kan tó fi igi ṣe èèkù fún ni olùkọ́ wa máa ń kì bọ inú ẹ̀yinná, tó bá gbóná tán, á fi yọ́ òjé lára àwọn rédíò òkú. Ara Òkè-Àgbè ni. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn kì í ṣe Yorùbá rárá, Yorùbá tirẹ̀ sì dà bí ìrìn ẹni tó ń fi òkúta sọdá odò: á yan ọ̀rọ̀ kan, á dán an wò, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Bóyá ìdí nìyẹn tí ohun tó bá sọ fi máa ń yé wa. Kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi ṣòfò.

Èmi ni mo máa ń bá a kó rédíò òkú wá. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Ìkàrẹ́, gbogbo Sátidé ni mo sì máa ń tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe wà ní ìkángun ibẹ̀, àwọn rédíò tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ sì kún abẹ́ tábìlì rẹ̀ bí òkú adìẹ. Nígbà tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ wá bẹ̀ ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ máa kó wọn lọ, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà mí." Láti ìgbà náà, inú àpò sìmẹ́ńtì ni mo ti ń kó wọn bọ̀, mo máa ń gbé àpò náà sórí itan nínú ọkọ̀ títí a ó fi gun òkè Ọ̀kà, bàbá mi á sì máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ òun ti di oníṣòwò ìdọ̀tí.

Ṣé o rántí pé àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í pe rédíò kékeré ní rédíò? Tiransísítọ̀ ni wọ́n ń pè é. "Bá mi gbé tiransísítọ̀ mi wá, mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn." Àwa náà ń pè é bẹ́ẹ̀, a kò mọ̀ pé orúkọ ohun kékeré kan nínú rẹ̀ ni, tí kò tó ẹ̀wà. Ọjọ́ tí olùkọ́ wa fi ẹ̀mú yọ ọ̀kan lára rédíò, tó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo ariwo yẹn ń ti ara ohun dúdú báyìí jáde. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ẹran.

Olùkọ́ wa ní, "Iná tó lágbára máa ń gba ẹsẹ̀ kan wọlé, á gba ìkejì jáde. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀gá. Bí a kò bá fún un ní nǹkan kan, kò ní jẹ́ kí iná kọjá. Bí a bá fún un ní iná bíńtín, á ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá."

Ọmọkùnrin kan bèèrè pé níbo ni ilẹ̀kùn náà wà. Olùkọ́ wa ní kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ohunkóhun tó ń mì nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n wà. Ó mú wáyà bàbà, ó ní èyí ń jẹ́ kí iná kọjá nígbà gbogbo. Ó mú igi gbígbẹ, ó ní èyí kì í jẹ́ kó kọjá láéláé. Ó wá na tiransísítọ̀ náà sókè, ó ní ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ wọn, ara yanrìn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ó sì wà láàárín méjèèjì. "Ohun tó wà láàárín," ó ní, "òun la lè yí lọ́kàn padà."

Lẹ́yìn náà ló pè mí jáde. Ó ti so tiransísítọ̀ méjì pọ̀ mọ́ bátìrì àti gílóòbù pupa kékeré kan, kí èyí àkọ́kọ́ lè máa bọ́ èkejì. Ó ní kí n fi itọ́ pa ìka mi, kí n fi kan ẹnu wáyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé iná á gbé mi. Mo fi ìka kàn án, mi ò gbọ́ nǹkan kan lára, ṣùgbọ́n gílóòbù náà tàn. Mo gbé ìka kúrò, ó kú. Mo tún fi kàn án, ó tún tàn. Kíláàsì hó yèè. Olùkọ́ wa ní iná tó gba inú ìka mi kọjá kéré tó fi jẹ́ pé eèrà kò lè mọ̀ ọ́n lára, síbẹ̀ òun ló pàṣẹ fún iná inú bátìrì. Mo ti bímọ, mo ti ṣe ìgbéyàwó, mo ti rí àwọn nǹkan tí ènìyàn ń pè ní ayọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo tún rí èyí tó dà bí ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà lọ. Ó to tiransísítọ̀ méjì tẹ̀léra, gílóòbù kò tàn àfi tí a bá fún àwọn méjèèjì ní iná. Ó ní, "Èyí ti mọ 'àti'." Ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyíkéyìí tí a bá fún ní iná nínú wọn, gílóòbù á tàn. Ó ní, "Èyí ti mọ 'tàbí'." Ó tún so ẹyọ kan lódìkejì, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí a bá fún un ní iná gan-an ni gílóòbù ń kú. Ó ní, "Èyí ti mọ 'bẹ́ẹ̀ kọ́'." Ó wá jókòó sórí tábìlì, ó wò wá bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Iná wà, iná kò sí: àti, tàbí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí a bá to àìmọye wọn pọ̀, wọ́n á ro oókan pọ̀ mọ́ oókan, láti orí ìyẹn wọ́n á ṣe ìṣirò tó kù láyé, wọ́n á kọ ìwé, wọ́n á ya àwòrán. Ó ní nígbà tí kò tíì sí tiransísítọ̀, ìgò tó ń gbóná bí iná ìdáná ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo á gba gbogbo gbọ̀ngàn ilé ìwé wa, àwọn ìgò náà á sì máa jó ní ìkọ̀ọ̀kan, tí wọn ó máa wá èyí tó jó nínú wọn kiri. Tiransísítọ̀ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, kì í tètè kú, a sì ń sọ ọ́ di kékeré sí i lọ́dọọdún, débi pé àìmọye rẹ̀ ń gbé lórí ohun tí kò ju èékánná lọ.

"Ṣé a lè rí i, sà?" Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ló bèèrè.

Olùkọ́ wa ní, "Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá dé ilé ìwé yìí, èmi fúnra mi ni máa ṣí i fún yín."

Kọ̀ǹpútà sì dé. Ọmọ ìlú kan tó ń ṣe òṣèlú l'Ábùjá ló ní òun fẹ́ fi ta ilé ìwé lọ́rẹ. Ìgbà tí ìdìbò ń bọ̀ ni. Wọ́n kun iwájú ilé ìwé, wọ́n ta kánópì sí pápá, wọ́n ní kí a kọ́ orin ìkíni. Wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà náà sínú yàrá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irin sí fèrèsé rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan ni wọ́n gbé síta, wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ tàn án, àwòrán òdòdó yọ lójú rẹ̀, olóṣèlú náà fi ìka kan tẹ nǹkan kan, òdòdó yí padà, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn oníròyìn ya fọ́tò. Olùkọ́ wa dúró lẹ́yìn àwọn akọrin nínú kóòtù tó ti ṣí lápá, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹ̀rọ yẹn. Mi ò rí àgbàlagbà tí inú rẹ̀ dùn báyẹn rí láìmu nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, wọ́n gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́ yẹn padà sínú ọkọ̀. Wọ́n ní ó ku ohun kan tí wọ́n fẹ́ fi sí i, àwọn á gbé e padà wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan.

Pírínsípà ti yàrá náà pa. Ó jẹ́ àgbàlagbà tó ń retí ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù nǹkan ìjọba ló ń bà á. Ní gbogbo ìgbà tí olùkọ́ wa bá lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́, á ní eruku ò gbọdọ̀ kàn wọ́n, á ní kí ó jẹ́ kí iná dé, á ní kí wọ́n gba àṣẹ. Sáà kan kọjá bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àbẹ̀wò kan ń bọ̀, pírínsípà fẹ́ kí yàrá náà mọ́, ó na kọ́kọ́rọ́ sí olùkọ́ wa lójú gbogbo wa níwájú ọ́fíìsì. Ó ní, "Gba, tíṣà. Kó àwọn ọmọ rẹ lọ, ẹ gbálẹ̀ ibẹ̀, kí o sì fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n kí n lè sinmi lọ́wọ́ rẹ." Mo dúró níbẹ̀. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.

A gbá yàrá náà tán, a nu fèrèsé. Olùkọ́ wa ká aṣọ funfun kúrò lórí ọ̀kan, ó gbé àpótí rẹ̀ sórí tábìlì tó wà láàárín. Mo rántí pé ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń wọn iṣu, ó sì tún gbé e kalẹ̀. Ó yọ súkúrúdíráfà láti inú àpò kóòtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń sọ fún wa bó ṣe ń tú u pé ọkàn kọ̀ǹpútà la fẹ́ rí yìí, pé kí a sún mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan án nítorí iná ara ènìyàn lásán lè ba àwọn tiransísítọ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ló na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ fún un, tó ń gba àwọn nọ́ọ̀tì náà kó má baà sọnù. Olùkọ́ wa fa ìdérí náà sẹ́yìn.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àpótí irin kékeré tí iná ń gbà wọlé wà ní igun, wáyà mélòó kan so rọ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n ti so mọ́ nǹkan, ìpẹtà sì hàn lára irin ní àmì ibi tí nǹkan ti wà rí. Aláǹtakùn ti ta òwú láti igun kan dé ìkejì, òwú náà ti gba eruku, ó ti nípọn bí aṣọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó ní, "Sà, ṣé wọ́n kéré débi pé a kò lè rí wọn ni?" Àwọn mìíràn náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ kúrò lórí òmíràn, ó tú u. Òfìfo. Ó tú òmíràn. Nígbà tó fi máa dé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, súkúrúdíráfà ń yọ̀ kúrò lórí nọ́ọ̀tì, a sì ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹko níta. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi fọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè ilé wọn. Mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Ó rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti rẹ́ ilé ìwé jẹ. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ bá pírínsípà tààrà láti sọ fún un, àwa náà tẹ̀lé e. Pírínsípà wá, ó wo inú àpótí àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Mo dúró kí ó bú àwọn tó kó ìdọ̀tí fún wa. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ta ló ní kí o ṣí i?"

Olùkọ́ wa ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, sà."

"Kí o gbálẹ̀ ni mo wí. Ta ló ní kí o ṣí i?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìlú gbé sẹ́nu. Ní ọjà, nínú ọkọ̀, ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ẹni tó kó àpótí òfìfo wá. Ẹni tó ṣí i ni wọ́n ń bèèrè. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà: àpótí ò ṣófo tẹ́lẹ̀ mọ́, olùkọ́ físíìsì ló kó ohun inú rẹ̀ tà ní Ìkàrẹ́. Ṣé gbogbo ènìyàn kò ti rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe? Ṣé kì í ṣe òun ló ń rán ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì lọ sọ́hùn-ún? Àpò tí mo gbé bọ̀ láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ni wọ́n wá yí padà, ó di èyí tí mo gbé lọ láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, wọ́n jókòó nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè mí, bàbá mi kò lọ sí ọjà. Ó ní, "Ohun tí o rí ni kí o sọ. Má fi kún un, má yọ kúrò." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu tí wọn ò bá rà á." Ó bá mi rìn dé ẹnu géètì, ó sì dúró síbẹ̀ nínú òòrùn títí mo fi jáde.

Mo sọ ohun tí mo rí. Mo sọ bí pírínsípà ṣe na kọ́kọ́rọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ tó sọ, ó sì jókòó níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo sọ ti òwú aláǹtakùn, mo ní tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nǹkan kúrò nínú rẹ̀ ni, aláǹtakùn ì bá má tíì ta òwú tó gba eruku báyẹn. Alága ìgbìmọ̀ ní aláǹtakùn kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi tí mo rò pé oore ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó wà nínú kọ̀ǹpútà?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà." Mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé tiransísítọ̀ fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, bí iná bíńtín ṣe ń pàṣẹ fún iná ńlá, àti, tàbí, bẹ́ẹ̀ kọ́, bí wọ́n ṣe ń to àìmọye wọn sórí ohun tí kò ju èékánná lọ. Mi ò kọsẹ̀ níbì kankan. Mo rò pé bí mo bá ṣe ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ni wọn ó ṣe mọ̀ pé olùkọ́ wa, olùkọ́ gidi ni. Alága fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí àwọn yòókù. Ó ní, "Ẹ gbọ́? Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó báyìí, òun náà ló mọ èyí tó ṣeé tà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo olùkọ́ wa. Ó mi orí sí mi díẹ̀, bó ṣe máa ń mi orí ní kíláàsì tí ènìyàn bá dáhùn bó ṣe tọ́. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bú sẹ́kún.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ti Ìkàrẹ́ wá fúnra rẹ̀, wọn kò pè é. Ó ní rédíò òkú ni òun ń fún tíṣà, lọ́fẹ̀ẹ́, òun kò tíì fi ojú kan inú kọ̀ǹpútà rí láyé òun. Wọ́n ní kó jáde, pé ẹni tó gba ẹrù olè kì í jẹ́rìí fún olè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ti wà lára àwọn tó ń tẹ̀lé olóṣèlú náà kiri nígbà yẹn. Ó dúró síbi tí mo ti dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan, sà. Ẹ̀yìn ni mo wà." Àtẹ́lẹwọ́ tó fi gba gbogbo nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi ìka yí ara rẹ̀. Kò wò mí. Láti ọjọ́ náà, a pààrọ̀ ìjókòó, kò sẹ́ni tó ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọn kò rí ẹ̀rí tí wọ́n lè fi gbé olùkọ́ wa lọ sílé ẹjọ́, bóyá wọn kò tiẹ̀ fẹ́ ilé ẹjọ́, nítorí adájọ́ lè bèèrè ibi tí wọ́n ti ra àpótí. Wọ́n ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé. Lẹ́yìn tó ti jókòó sílé pẹ́, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwé kan létí òkun, níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí wọn kò sì ní olùkọ́ físíìsì rí. Kò lọ. Ó padà sí Òkè-Àgbè, ó gbé ọkọ́. Olóṣèlú náà wọlé ìbò. Fọ́tò tó ti ń fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà wà lára ògiri wa títí òjò fi fọ̀ ọ́ funfun. Wọ́n da ìdérí àwọn àpótí padà, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n ti yàrá náà pa. Olùkọ́ tuntun tó dé ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó, ó ní kí a yà á sínú ìwé wa, kí a kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sí i, kí a há a sórí. A há a sórí. Ọ̀pọ̀ wa yege.

Ọ̀rẹ́ mi lọ sí yunifásítì lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, olóṣèlú náà ló gbọ́ bùkátà rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń ṣe dáadáa ní òkè òkun. Mi ò bú u. Ọmọdé ni, ó ní bàbá. Èmi náà ọmọdé ni mo jẹ́, mo sì ní bàbá, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń dárí irú rẹ̀ ji ènìyàn ni. Èmi kọ́ físíìsì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkàrẹ́ títí di òní.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo lọ kí olùkọ́ wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní in lọ́kàn, ojú ló ń tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo ní kí wọ́n má gbà mí gbọ́. Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé rẹ̀, ó ń sá ẹ̀gẹ́. Ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ara mi, ó ní òun mọ̀ mí, òun ti mọ̀ mí láti òkèèrè. Aya rẹ̀ gbé omi wá. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Mo sọ fún un pé físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, sà. Àwọn ohun tí ẹ fi hàn wá, mi ò gbàgbé ìkankan."

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó yan ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń yan ọ̀rọ̀, ó ní, "Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a."

Mo ní, "Kí ni, sà?"

"Àpótí yẹn. Ó yẹ kí n gbálẹ̀ kí n jáde. Ǹ bá ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ì bá ti ka ìwé." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ náà, kọ́ wọn ní ohun tó wà nínú ìwé, kí o sì máa lọ sílé rẹ."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò ṣe ohun tó burú. Mo fẹ́ sọ pé òun nìkan ni ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ ní gbogbo ìlú yẹn. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó gba ohun tó sọ gbọ́, pé ó ti pẹ́ tó ti gbà á gbọ́. Mo mu omi náà, mo dìde, mo kí aya rẹ̀.

Àtìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Èmi a máa rò tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín ni wọ́n ba ayé ọkùnrin náà jẹ́, tàbí ọjọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rárá. Lójú gbọ̀ngàn kíkún, tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín, ó ṣì mi orí sí mi pé mo dáhùn bó ṣe tọ́. Kò tíì bàjẹ́ nígbà yẹn. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀ ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí, bóyá nínú oko, bóyá níwájú àwo oúnjẹ tí kò yó àwọn ọmọ rẹ̀, ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dájọ́ náà bí wọ́n ṣe dá a, tó sì rí i pé òun jẹ̀bi. Mi ò tíì rí ẹni tó lè bá mi wọn bí olè tí wọ́n jà á lọ́jọ́ náà ṣe tóbi tó.